Ẹni tó bá ti yẹ ìfun ńlá wò láìṣe colonoscopy, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bó ṣe rí

Ọmọ Ìsánlú: Òkun o gbogbo ilé. Mo ti lé díẹ̀ ní 45, dókítà kan n'Ílọrin wá ní kí n lọ ṣe colonoscopy kí wọ́n fi wò ó bóyá jẹjẹrẹ ò tíì fẹ́ yọjú nínú ìfun ńlá mi. Nǹkan kan ò ṣe mí o, mò ń jẹun, mò ń yàgbẹ́ dáadáa. Ó ní ọjọ́ orí ni, pé láti 2021 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti 45, wọn ò dúró de 50 mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ki páìpù tó ní kámẹ́rà lórí bọ ìdí mi, ọkàn mi ò gbà á rárá. Mo gbọ́ pé wọ́n lè fi ìgbẹ́ nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ti ṣe é?

Ìyá Ìbejì Kàbà: Mo ti ṣe é. Kò nira.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ ṣé mà. Ẹ bá mi ṣàlàyé díẹ̀.

Sadé Mọ̀pà: Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ṣàlàyé ẹ̀. England ni mò ń gbé, wọn ò ní kí n wá sí ọsibítù, póòsì ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi. Ìgò kékeré kan ni, igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ìdérí ẹ̀, orí igi yẹn rí gánrangànran. Wàá tẹ́ bébà tàbí kí o gbé ike sínú tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì kí ìgbẹ́ má kan omi, wàá wá fi igi yẹn ra ara ìgbẹ́ náà káàkiri, ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ orí igi ti tó, kì í ṣe ṣíbí kan o, wàá tì í padà sínú ìgò títí tó fi máa dún kẹ́, o kọ déètì sí i, o fi ránṣẹ́. FIT ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí ló ń wá. Ọdún méjì méjì ni tiwa, láti 50 dé 74. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe é lọ́dọọdún.

Bàbá Ìyàrà: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti ń kó ìgbẹ́ sí póòsì. Àwọn bàbá wa ń jẹ iyán láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n dàgbà. Agbo jẹ̀dí tó bá kan ẹnu dáadáa, ó ti tán.

Dúpẹ́ Lọ́kọ́ja: Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, agbo jẹ̀dí yẹn gan-an ló dá bàbá tèmi dúró sílé. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wọn jáde, gbogbo ẹbí ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ yé jẹ nǹkan dídùn, ẹ yé mu mílíìkì, wọ́n ń po agbo fún wọn, agbo yẹn sì ń mú wọn yàgbẹ́, wọ́n á ní ara àwọn ti fúyẹ́, kò wá sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí ṣòkòtò ò dúró ní ìbàdí wọn mọ́. Ọsibítù tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, wọn ò tiẹ̀ yẹ ìdí wọn wò, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí náà ni wọ́n kọ. Ìgbà tí a fi dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ìfun ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀.

Tayọ̀: Háà. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ìyá Ìbejì Kàbà: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí, jẹ̀díjẹ̀dí, títí wọ́n fi gbé e lọ.

Kúnlé Abuja: Tèmi jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́ ṣá, wọ́n ti wò ó. Ká má dẹ́rù ba gbogbo èèyàn.

Bàbá Ìyàrà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mi ò fi ti bàbá ẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni jẹjẹrẹ, Kúnlé náà ti sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Òótọ́ ni sà, gbogbo ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n Kúnlé mọ ti ẹ̀ torí pé wọ́n wò ó. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹlòmíì tiẹ̀ ní méjèèjì pọ̀. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ni àyẹ̀wò ìgbẹ́ yìí wà fún. Ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tí ìgbẹ́ ẹ̀ ṣàdédé yí padà tí kò sì lọ, kó má fi FIT tan ara ẹ̀ jẹ, kámẹ́rà ló kàn. Dúpẹ́, ẹ̀yin ọmọ bàbá náà ńkọ́? Kámẹ́rà ni tiyín, láti 40, tàbí kó ku ọdún 10 kí ẹ tó ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára bàbá, èyí tó bá yá jù.

Dúpẹ́ Lọ́kọ́ja: Àbúrò mi ti ṣe é mà. Wọ́n rí kókó kan, wọ́n gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn tó mú un sùn, ó ní omi oògùn tó fi fọ ìfun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìkan ni ìyà ibẹ̀. Èmi náà ti gba déètì.

Ọmọ Ìsánlú: Wọ́n gé e níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Dúpẹ́ Lọ́kọ́ja: Níbẹ̀ náà.

Kúnlé Abuja: Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lápá ti wà báyìí o. Shield lorúkọ ẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2024. Kí la tún ń du ìgbẹ́ sí?

Sadé Mọ̀pà: Kúnlé, lọ ka èsì ẹ̀. Nínú èèyàn 100 tó ti ní jẹjẹrẹ, á rí bíi 83. Kókó tó fẹ́ di jẹjẹrẹ ńkọ́? 13 péré nínú 100. Kókó yẹn sì ni wọ́n gé kúrò lára àbúrò Dúpẹ́ yẹn.

Kúnlé Abuja: Ó dáa náà. Ó ṣì sàn ju kéèyàn má ṣe nǹkan kan.

Sadé Mọ̀pà: Ìyẹn, mo gbà.

Bọ̀dá Lékè: CT lèmi ṣe, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara. Ẹ má rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ fífọ ìfun o, oògùn yẹn náà ni. Wọ́n á sì ki rọ́bà kékeré kan sí ìdí láti fẹ́ atẹ́gùn sínú. Kò sí oorun, kò pẹ́. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni.

Tayọ̀: Èmi lọ sí láàbù kan, mo ní àyẹ̀wò ìgbẹ́, wọ́n gbowó, èsì dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹyin aràn. Aràn! Ta ló bi wọ́n ní aràn?

Ìyá Ìbejì Kàbà: 😂😂 Tayọ̀ pẹ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé occult blood lẹ fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí nínú ìgbẹ́. Kí ẹ sì bi wọ́n pé ṣé FIT ni àbí guaiac, irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ti àtijọ́. Tó bá jẹ́ guaiac, ẹ má jẹ ẹran pupa fún ọjọ́ 3 ṣáájú, torí ẹ̀jẹ̀ ẹran lè jẹ́ kó sọ pé tiyín ni, ẹ má sì máa lo fítámì C, ìyẹn lè bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. FIT ò ní èèwọ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ èèyàn nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ooru ń bà á jẹ́ o. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò nínú oòrùn Lọ́kọ́ja kẹ́ ẹ wá lọ ṣọjà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kúnlé Abuja: Oòrùn Lọ́kọ́ja yẹn, èèyàn gan-an ló ń bàjẹ́ nínú ẹ̀.

Dúpẹ́ Lọ́kọ́ja: Ẹ fi ìlú wa sílẹ̀ o! Ṣé Abuja ò gbóná ni?

Ọmọ Ìsánlú: Mà, tí èsì bá wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Kámẹ́rà nìyẹn. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣe nínú wọn, tó bá ti tọ́ka sí nǹkan, kámẹ́rà ló máa parí ẹ̀. Ẹ má tún un ṣe pé bóyá ó máa yí padà. Tí kò bá sì rí nǹkan kan, ẹ tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ Ìsánlú: Mo ti gbọ́ mà. FIT ni màá kọ́kọ́ ṣe, torí kò sẹ́ni tó ní in nínú ìdílé wa. Tó bá wá tọ́ka sí nǹkan, màá gba ọ̀nà Ìlọrin lọ.

Bọ̀dá Lékè: Ọ̀nà yẹn! Kí o tètè gbéra láàárọ̀ o, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ lọ́nà.

Bàbá Ìyàrà: Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 3 láìjẹ ẹran yẹn, ẹja ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà: Ẹ jẹ ẹja sà. Adìyẹ náà.

Bàbá Ìyàrà: Ó dáa. Ẹ bá mi béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Kàbà.