Bàbá wa gba 2 nínú òṣùwọ̀n ICH (èyí tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ ṣe le tó), kí ni ká máa retí?

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ́ iṣan lọ́pọlọ bàbá wa ní Kubwa. Wọ́n ní òṣùwọ̀n ICH wọn jẹ́ 2 nínú 6: wọn ò jí dáadáa, GCS (òṣùwọ̀n bí èèyàn ṣe jí sí) wọn jẹ́ 11, ìyẹn 1, ẹ̀jẹ̀ tó dà ju 30 mL lọ, ìyẹn 1. Mo kà á pé nínú ìwádìí ọdún 2001 tó gbé òṣùwọ̀n náà jáde, nǹkan bí 26 nínú 100 irú wọn ló kú láàárín 30 ọjọ́. Àwọn tó yè ńkọ́? Ṣé wọ́n tún rìn, ṣé wọ́n tún sọ̀rọ̀? Àbúrò bàbá wa ní ká gbé wọn lọ sílé ní Ọ̀fà. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ẹ dákun, ta ló ti tọ́jú ẹni tó gba 2 rí?