Ta ló ń wá aṣọ òkè ní Thailand? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìpolówó Google yìí o

Àlàárì Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ káwọn tó mọ̀ nípa ìpolówó orí Google bá mi dá sí. Aṣọ òkè ni mò ń tà, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ìsẹ́yìn làwọn tó ń hun ún fún mi wà. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, àtàwọn tó wà ní London àti Houston tí wọ́n ń ra ti ẹbí fún ìgbéyàwó. Instagram ni mo ti ń tà tẹ́lẹ̀, kò burú, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣe wẹ́bùsáìtì kí n máa polówó lórí Google torí ẹni tó bá wá nǹkan lọ síbẹ̀ ti múra àtirà á. Mo wá gbéṣẹ́ náà fún ọmọkùnrin kan, òun ló ṣe wẹ́bùsáìtì, òun náà ló ṣí àkáǹtì ìpolówó, ó ní ká máa ná 5,000 náírà lójúmọ́.

Owó ń lọ o, àwọn èèyàn ń tẹ ìpolówó yẹn dáadáa, àmọ́ WhatsApp mi dákẹ́ rọ́rọ́. Ìwọ̀nba tó bá kàn sí mi, wọ́n á béèrè iye tó jẹ́, tí mo bá ti dáhùn wọ́n ti lọ nìyẹn. Èyí tó wá dà mí lórí rú jù, mo ní kó fi ibi táwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ti wá hàn mí, Thailand ló wà lókè pátápátá. Thailand kẹ̀! Mo bi í, ó ní Google ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ni, kí n fowó kún un, pé tá a bá ń polówó lọ bẹ́ẹ̀ wẹ́bùsáìtì náà á gòkè fúnra ẹ̀ láìsanwó. Èmi ní tèmi, tí mo bá tẹ "aso oke" sórí Google mi ò rí ara mi rárá, Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, àtàwọn oníṣọ́ọ̀bù Èkó ni mò ń rí. Ṣé kí n fowó kún un ni àbí kí n dá a dúró? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Thailand 😂😂 ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀ o. Àǹtí ẹ dá a dúró ná jàre, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fowó kún ohun tí kò tíì mú kọ́bọ̀ wọlé, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi tiẹ̀ kún un.

Ẹ̀gbọ́n Keyword:
Ẹ kú ọjà àǹtí. Mo rò pé mo mọ ohun tó fa ti Thailand yẹn. Àdúgbò kan wà ní Bangkok tí wọ́n ń pè ní Asoke, àwọn míì ń kọ ọ́ ní Asok, ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ sì mọ̀ pé "asoke" náà lọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ tá a bá ń kánjú. Tí ọmọ yẹn bá fi "asoke" sínú keyword, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ kí ìpolówó jáde fún, tó fi í sílẹ̀ lórí broad match tó máa ń jáde fún ohun tó bá kàn jọ ọ́, tó wá ní kí ìpolówó máa jáde ní gbogbo ayé torí pé ẹ ní ẹ̀ ń fi ọjà ránṣẹ́ sókè òkun, a jẹ́ pé àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí ní Bangkok ni wọ́n ń gbé àlàárì síwájú wọn. Àwọn náà á tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á padà lẹ́yìn, owó yín ti lọ.

Ẹ ní kó wọ inú àkáǹtì yẹn lọ síbi tí wọ́n kọ Search terms sí. Kì í ṣe Keywords o! Keyword ni ohun tẹ́yin kọ síbẹ̀, search term ni ohun tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ kó tó rí yín. Kì í fi gbogbo ẹ̀ hàn, àmọ́ èyí tó bá fi hàn á tó wa. Ẹ kó o wá síbí.

Adùnní Léèsì:
Ẹ fi Google sílẹ̀ jàre, ọjà aṣọ, ojú ló ń rà á. TikTok àti Instagram ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́, ẹ ní káwọn ọmọ tó ń hun ún ní Ìsẹ́yìn máa gbé fóònù ya ara wọn, ẹ máa wo bí èèyàn á ṣe ya bò yín.

Ẹ̀gbọ́n Keyword:
@Adùnní Léèsì òótọ́ ni pé ojú ló ń ra aṣọ, mi ò ní kí wọ́n fi Instagram sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wo fídíò lórí bẹ́ẹ̀dì ò ní ìnáwó kankan lọ́kàn. Ẹni tó tẹ "aso oke for groom uk" ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá ọkọ sì ti ń dà á láàmú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fowó wá gbogbo ayé kún un.

Nọ́ńbà Wáànù Ṣúà:
Àǹtí ẹ kàn sí mi ní inbox, ọjọ́ méje péré wẹ́bùsáìtì yín á wà ní nọ́ńbà kìíní lórí Google, mo ní 2,000 backlinks nílẹ̀, ìjápọ̀ láti wẹ́bùsáìtì míì sí tiyín, ẹ san ìdajì.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́bù:
Ẹ má dá a lóhùn o. Google fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á gbé yín dé ipò kìíní. Ìjápọ̀ tí wọ́n ń fowó rà yẹn náà lòdì sí òfin wọn, ní 2012 ni wọ́n gbé Penguin jáde, ètò tí wọ́n fi ń bá irú ìjápọ̀ bẹ́ẹ̀ jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe SEO tó mọ́yán lórí, ìyẹn títún wẹ́bùsáìtì ṣe kó lè gòkè lórí Google láìsanwó ìpolówó, á sọ fún yín pé oṣù mẹ́rin sí ọdún kan ló máa ń gbà kéèyàn tó rí èrè ẹ̀. Ọjọ́ méje kẹ̀, ṣé àgbo ni?

Àlàárì Ìbàdàn:
Ó ti fi ránṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ wo díẹ̀ nínú ẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀: hotel near asoke, asoke condo for rent, aso oke history, how to tie gele step by step, aso oke loom, cheap lace material, aso oke price in nigeria, aso oke for groom uk. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Méjì tó kẹ́yìn yẹn nìkan ló jọ kọ́sítọ́mà mi lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n Keyword:
Ẹ rí i. Kò sí nǹkan kan tí Google ń kọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí èmi á ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ mú "asoke" kúrò pátápátá, ẹ má tiẹ̀ rò ó. Àwọn tó kù, ẹ kó wọn kúrò lórí broad match. Tẹ́ ẹ bá fi àmì "" sí iwájú àti ẹ̀yìn keyword, phrase match nìyẹn, ohun tó bá bá ìtumọ̀ ẹ̀ mu nìkan lẹ máa jáde fún, tó bá jẹ́ [ ] lẹ fi sí i, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Phrase ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi "aso oke for groom", "buy aso oke online", "sanyan aso oke", "aso oke price". Lẹ́yìn náà ẹ wá kọ àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ò fẹ́ sí negative keywords: hotel, condo, bangkok, loom, history, lace, how to. Ẹ kíyè sí i o, negative kì í ka ẹyọ kan àti púpọ̀ sí nǹkan kan náà, tẹ́ ẹ bá kọ hotel ẹ tún kọ hotels. Bẹ́ ẹ ṣe ń wo search terms lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀ẹ́ máa fi kún un, iṣẹ́ yẹn kì í tán, òun gan-an sì ni iṣẹ́ tí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ yín yẹ kó máa ṣe.

Ti ìlú ńkọ́, ẹ pín in. Nàìjíríà lọ́tọ̀, UK lọ́tọ̀, Amẹ́ríkà lọ́tọ̀, torí owó tí wọ́n ń gbà fún click kan, ìyẹn ìgbà kan téèyàn tẹ ìpolówó, ní London kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn, tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ ẹ ò ní mọ ibi tí owó gbà lọ. Ohun kan tún wà lábẹ́ Location options tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, Presence or interest, ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹni tó wà nílùú yẹn nìkan, ẹni tó kàn nífẹ̀ẹ́ sí ìlú yẹn náà á rí i, ẹ yí i sí Presence nìkan. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti máàkì Display Network àti Search Partners, ìyẹn àwọn ibòmíì tí ìpolówó ti lè jáde yàtọ̀ sí ibi téèyàn ti ń wá nǹkan lórí Google, ẹ yọ ọ́.

5,000 yẹn náà, kì í ṣe pé kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ míì wà tó lè lọ dé 10,000, àròpọ̀ oṣù ni ò ní kọjá owó ojúmọ́ lọ́nà 30.4, ìyẹn 152,000. Kí àláàtì báńkì má baà gbé àyà yín sókè.

Ọmọ Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rà á. Mo gbéyàwó lọ́dún tó kọjá, London níbí ni mo ti wá aṣọ òkè lórí Google títí ojú mi fẹ́ẹ̀ fọ́. Èyí tí mo bá ṣí, á kọ́kọ́ máa yí fún ìgbà pípẹ́ torí pé fọ́tò tó wúwo ló kún inú ẹ̀. Tó bá wá ṣí, kò sí iye owó, "DM for price" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí bóyá wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí UK, kò sí iye ọ̀sẹ̀ tí híhun ẹ̀ máa gbà, mi ò mọ̀ bóyá gèlè àti ìpele ni wọ́n ń tà ni àbí gèlè nìkan, fìlà ọkọ ìyàwó ńkọ́? Màá kàn pa á dé ni. Àǹtí, ẹni tó tẹ "aso oke price", iye owó ló ń wá o, ẹ sì sọ pé tẹ́ ẹ bá dáhùn lórí WhatsApp wọ́n ń lọ. Àwọn tápò wọn ò ká a ò bá ti mọ̀ látorí wẹ́bùsáìtì kí wọ́n tó kàn sí yín.

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ mi tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí kú ọgbọ́n. Kódà FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ pé kí oníṣòwò fi iye ọjà hàn, ọ̀pọ̀ wa ló kàn ń ṣe bí ẹni pé kò sí òfin.

Àlàárì Ìbàdàn:
Bàbá, ẹ ṣé o. Àmọ́ tí mo bá kọ iye owó síbẹ̀, ṣé àwọn tá a jọ ń tà á ò ní wò ó kí wọ́n gé tiwọn wálẹ̀? Àti pé owó òwú ń yí lójoojúmọ́.

Ọmọ Peckham:
Wọ́n ti mọ iye tẹ́ ẹ̀ ń tà á tipẹ́ àǹtí 😂 wọ́n ti fi nọ́ńbà míì bi yín. Ẹ kọ "láti iye báyìí", kẹ́ ẹ sọ ohun tó lè mú un gòkè. Ìyẹn nìkan á ti tó fún èmi.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́bù:
Mo ti fẹ́ sọ ti pé ìpolówó á gbé wẹ́bùsáìtì gòkè láìsanwó. Irọ́ ni. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń sanwó kó jáde, ọ̀tọ̀ lẹni tí Google gbé síwájú fúnra ẹ̀, ìkan ò ran ìkejì lọ́wọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá owó dúró lọjọ́ náà lẹ̀ẹ́ pòórá.

Mo ti wo wẹ́bùsáìtì tẹ́ ẹ fi sí profaìlì yín, ẹ má bínú. Ojú ewé àkọ́kọ́, "Home" ló ń jẹ́ lórí Google, ṣé ẹnì kan wà tó ń wá "Home" ni? Orúkọ gbogbo fọ́tò, IMG kan, IMG kejì. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, pé ẹ̀ ń hun ún ní Ìsẹ́yìn, pé ẹ ní sányán, inú fláyà ni wọ́n kọ ọ́ sí, inú àwòrán ló wà, kò sí ọ̀rọ̀ gidi kan lójú ewé yẹn tí Google lè rí kà. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún sányán, ìkan fún ẹtù, ìkan fún àlàárì, ìkan fún ti ọkọ ìyàwó. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà tó dúró síwájú yín, ẹ má lọ da ti ẹlòmíì kọ. "Aso oke" nìkan, ẹ ò lè bá Etsy dù ú báyìí, àmọ́ "sanyan aso oke for groom" ò fi bẹ́ẹ̀ léèyàn nídìí.

Ẹ ṣí Search Console, ọ̀fẹ́ ni, á sọ ojú ewé tí Google ti rí àtèyí tí kò tíì rí. Ẹ wò ó bóyá ọmọ yẹn gbàgbé noindex, àmì tó ń sọ fún Google pé kó má gbé ojú ewé jáde, síbẹ̀ láti ìgbà tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, mo máa ń rí ìyẹn gan-an. Kẹ́ ẹ sì ṣe Google Business Profile, tó ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn lórí Google àti Maps, fún ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, ọ̀fẹ́ lòun náà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya fídíò ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ yín tínú wọ́n dùn, ẹ ní kí wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Keyword:
Kí n tó gbàgbé, ẹ ní kó so bọ́tìnnì WhatsApp mọ́ conversion tracking. Tí kò bá sí ìyẹn, ohun tí àkáǹtì yín mọ̀ ò ju pé èèyàn tẹ ìpolówó, kò mọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì kàn sí yín, ẹ bi í pé níbo ló ti rí yín.

Bàbá Ìbejì:
Ìbéèrè tèmi nìyí, màdáàmù: orúkọ ta ni wẹ́bùsáìtì yẹn wà? Àkáǹtì ìpolówó yẹn náà ńkọ́, ímeèlì ta ni?

Àlàárì Ìbàdàn:
Bàbá, ẹ ti fọwọ́ kan egbò o. Ímeèlì tiẹ̀ ni méjèèjì. Mo ní kó kó wọn fún mi, ó ní gbígbé domain, ìyẹn orúkọ wẹ́bùsáìtì náà, kúrò ń náni lówó, iye tó dá lé mi ga ju ti gbogbo wẹ́bùsáìtì lọ. Ti ìpolówó, ó ti pa á ná, ó ti yọ Thailand kúrò.

Òṣìṣẹ́ Wẹ́bù:
Ẹ má san owó yẹn. Ẹ wá ibi tó ti ra domain yẹn, WHOIS, ibi téèyàn ti ń wo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ra domain, á fi hàn yín, kẹ́ ẹ lọ ṣí àkáǹtì tiyín níbẹ̀, kó kàn tì í láti àkáǹtì tiẹ̀ sí tiyín. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ni, wọn kì í sábà gba kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Gbígbé e lọ sílé iṣẹ́ míì ló ń gba kóòdù àti owó, tó bá jẹ́ .com tí kò tíì pé ọgọ́ta ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, wọ́n tiẹ̀ lè má gbà kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kó rìsíìtì owó tẹ́ ẹ san fún un jọ ná, àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Ẹ fi sùúrù bá a sọ ọ́. Ti ìpolówó, kó fi ímeèlì yín síbẹ̀ ní Admin lónìí. Tó bá kọ̀, ẹ yọ káàdì yín kúrò, kẹ́ ẹ ṣí òmíì lórúkọ ara yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ mú owó tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi sanwó, náírà ni o, dọ́là ni o, torí tẹ́ ẹ bá ti mú un tán kò ṣeé yí mọ́.

Àlàárì Ìbàdàn:
Mo ti fi ohun tẹ́ ẹ kọ nípa títì í sí àkáǹtì tèmi yẹn ránṣẹ́ sí i. Ó ti kà á, kò tíì fèsì. Ọmọ Peckham, ẹ bá mi wo iye tí mo fẹ́ kọ sí ti sányán ní inbox, ẹ jọ̀ọ́.