Mo pa D rẹ́, síbẹ̀ Extend Volume ò jẹ́ kí n fi àyè ẹ̀ kún C

Àdùkẹ́_Aránṣọ
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Láptọ́ọ̀pù tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, haadi 500GB ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe SSD (irú tí kò ní àwo tó ń yí nínú) o, ẹni tó bá mi fi Windows 10 sí i ló pín in sí ọ̀nà méjì, 120GB fún C tí Windows wà, ìyókù fún D. C ti wá pọ́n kankan báyìí, 900MB ló kù níbẹ̀, tí mo bá fẹ́ ṣí fọ́tò sítáì kan fún oníbàárà mo lè jẹ ẹ̀pà tán kó má tíì ṣí. Mo wá kó ẹrù D sórí fláàṣì, mo pa D rẹ́ nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń pín haadi, ó di dúdú, ó kọ Unallocated (àyè tí wọn ò tíì pín) síbẹ̀. Mo ráìtì-kílíìkì C, Extend Volume tó yẹ kó fi àyè kún un ṣú, kò ṣe é tẹ̀! Nǹkan kékeré kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ Recovery, 620MB. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ẹ tún bá mi wò ó, 500 ni mo rà, 465 ni Windows ń fi hàn mí, ta ló jẹ ìyókù?

Bàbá_Kéèbù
Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ àǹtí. Ẹni tó ṣe haadi ń ka bílíọ̀nù kan báìtì sí 1GB, Windows ń ka 1,073,741,824 báìtì sí 1GB, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá fi kọ́ńgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn gàrí kan náà ni.

Ti Extend yẹn, Recovery tẹ́ ẹ rí yẹn, ibi tí Windows ń kó irinṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀ sí, òun gan-an ni wàhálà. Àyè tó bá fara kan C lápá ọ̀tún nìkan ni Windows lè fi kún un, torí pátíṣọ̀n kan (ìpín kan lórí haadi, bíi C tàbí D) ò lè wà níbí kó tún fo nǹkan kó wà lọ́hùn-ún. Tébù kan wà níbẹ̀rẹ̀ haadi, ohun pàtàkì tó sì wà nínú ẹ̀ fún pátíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ni irú tó jẹ́, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó gùn dé. Tí Windows bá ń ṣe àpdéètì ńlá, ó lè gé díẹ̀ nídìí C fi ṣe Recovery, bó ṣe máa ń dé àárín nìyẹn.

Sọ̀rọ̀sókè
Ẹ ṣọ́ra o, haadi kan ò lè gbà ju pátíṣọ̀n mẹ́rin lọ, tẹ́ ẹ bá ṣe ìkarùn-ún ó máa bàjẹ́

Bàbá_Kéèbù
@Sọ̀rọ̀sókè kò ní bàjẹ́, ó kàn máa kọ̀ ni. MBR, irú tébù àtijọ́, lẹ sì ń sọ, èyí tó ti wà láti ayé DOS (ètò tó ṣáájú Windows) ní 1983. 512 báìtì ni sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ (ègé kékeré tó ṣáájú lórí haadi), 64 péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún tébù nínú ẹ̀, ìlà kan ń jẹ 16, ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin nìyẹn, òun náà ni ò jẹ́ kó lè lo haadi tó bá ju nǹkan bíi 2TB lọ. GPT, irú tébù tuntun tí kọ̀ǹpútà ìsìnyí ń lò, Windows ń fàyè gba 128 lórí ẹ̀, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà tébù náà sí ìparí haadi.

Àdùkẹ́_Aránṣọ
Yéè, mo gbé! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ fláàṣì wò ni, fódà ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi ò sí níbẹ̀ rárá, odindi ọdún mẹ́rin! Ẹ jọ̀ọ́ ṣé ó ti lọ nìyẹn???

Bàbá_Kéèbù
Ẹ fara balẹ̀. Aránṣọ ni yín, ẹ máa tètè lóye ẹ̀. Pátíṣọ̀n ò ju ìlà ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fà sórí aṣọ lọ, sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Ìlà lẹ nù kúrò, aṣọ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀. Ẹ má ṣáà fọ́máàtì ibi dúdú yẹn, ẹ má ṣe pátíṣọ̀n tuntun síbẹ̀. Orí yín ló ṣe é tó jẹ́ haadi, torí Windows máa ń sọ fún SSD pé ibẹ̀ ti ṣófo, kóun náà lè máa gbá a mọ́.

Ìyá_Sọ́fíwíà
TestDisk, ètò tó ń wá pátíṣọ̀n tó sọnù, ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Orí fláàṣì ni kẹ́ ẹ gbé e sí o. Ẹ ṣí i bíi administrator, ẹ mú haadi yín, ẹ tẹ Analyse, lẹ́yìn náà Quick Search. NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí pátíṣọ̀n, máa ń fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ara ẹ̀, òun ni TestDisk máa wá kiri. Tó bá gbé D jáde ẹ tẹ P kẹ́ ẹ fi wo fáìlì inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìwọ̀n yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ Write, kẹ́ ẹ wá pa láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ sì tún un tàn.

Tí mo bá tún lè sọ tèmi, kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan D látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ráìtì-kílíìkì Pictures, ẹ lọ sí Properties, Location wà níbẹ̀, ẹ darí ẹ̀ sí D, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Downloads àti Videos. GParted, ètò míì tó ń tún pátíṣọ̀n pín, lè sún Recovery kúrò lóòótọ́, àmọ́ tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn tí bátìrì ò sì dáa, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Àdùkẹ́_Aránṣọ
Ẹ bá mi dúpẹ́ o!! Ó rí i, mo tẹ P, orúkọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ lójú mi, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ti kó ìwọ̀n yẹn sórí fláàṣì méjì báyìí. Mo darí Pictures àti Downloads sí D bí àǹtí ṣe wí, C ti ní àyè 58GB. Recovery ṣì jókòó síbi tó wà, mi ò bá a jà mọ́.