Ṣíà ilé-iṣẹ́ irinṣẹ́ sọ́fítíwíà: ṣé open source ò ní jẹ ẹ́ run?

Ọmọ Yábàá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan lórí Nasdaq, ọjà ṣíà kan ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ kóòdù. Àmọ́ open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀ kó sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ni ọ̀pọ̀ àwọn oníkóòdù Yábàá níbí ń lò. Bí ọ̀fẹ́ bá wà nílẹ̀, ta ni yóò sanwó? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó da owó sí i?

Àǹtí Oníṣirò, Marina
Àbúrò, ọ̀fẹ́ kọ́ ló ń pa ilé-iṣẹ́. Ohun tí gbogbo ayé lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni Red Hat ń ṣe, síbẹ̀ bílíọ̀nù 34 dọ́là ni IBM fi rà á ní 2019. Báńkì kì í sanwó torí kóòdù. Ẹni tí wọ́n máa pè bí sẹ́fà bá dákú lóru ni wọ́n ń sanwó fún, àti àtúnṣe ààbò tí kò ní dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ sórí EDGAR, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wà, kí o wá 10-K (ìròyìn ọdọọdún) ilé-iṣẹ́ náà, kò gba kọ́bọ̀. Wo "net retention" níbẹ̀, ìyẹn iye tí àwọn oníbàárà àtijọ́ ń san báyìí sí iye tí wọ́n san léṣìí. Bí oníbàárà tó san 100 dọ́là léṣìí bá ń san 120 báyìí, 120% nìyẹn. Tó bá ti ń já bọ̀ sí 100%, àwọn oníbàárà àtijọ́ ò fi kún owó mọ́, wíwá tuntun sì wọ́n. Wá ka iye ṣíà tó wà níta fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí fẹ́ràn láti fi ṣíà tuntun sanwó òṣìṣẹ́. Bí iye ṣíà bá ń fi ju 5% lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ìpín tìrẹ ló ń kéré sí i.

Bọ̀ọ̀dá Sẹ́fà
Àǹtí ti yanjú ti owó. Ó ku láísẹ́ǹsì, ìyẹn àdéhùn tó sọ bí èèyàn ṣe lè lo kóòdù, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi láísẹ́ǹsì tuntun dí àwọn èèyàn lọ́wọ́, wọ́n lè yapa, kí wọ́n fi kóòdù àtijọ́ dá tiwọn sílẹ̀. Elastic, tó ń ṣe irinṣẹ́ ìwákiri, kúrò lórí Apache 2.0 (láísẹ́ǹsì tó fàyè gba ẹnikẹ́ni) ní 2021, Amazon fi kóòdù àtijọ́ dá OpenSearch sílẹ̀. HashiCorp yí ti Terraform, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń to sẹ́fà, padà ní oṣù kẹjọ 2023, àwọn tó yapa dá OpenTofu sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà. Ti Redis, irinṣẹ́ ìpamọ́ dátà, ló yá jù: oṣù kẹta 2024 ló yí tirẹ̀ padà, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Valkey, ti àwọn tó yapa, fi dé.

Ṣí fáìlì LICENSE àti CONTRIBUTING lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí. Bó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì BSD tàbí Apache, ilé-iṣẹ́ lè yí i padà nígbàkigbà. Bó bá jẹ́ GPL (láísẹ́ǹsì tó ní kí ẹ̀dà tí wọ́n bá pín fún ará ìta wà lábẹ́ òfin kan náà), tí àwọn ará ìta ò sì fọwọ́ sí CLA (ìwé tó fún ilé-iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ lórí kóòdù wọn), ó ṣòro. Lẹ́yìn náà, wo àwọn tó ń kọ kóòdù ọ̀hún. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ nìkan ni, àwọn tó bá yapa máa pẹ́ kí wọ́n tó dúró. Ti Valkey yá torí pé àwọn ará AWS (ẹ̀ka Amazon) àti Alibaba wà lára àwọn tó ń tọ́jú Redis tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Yábàá
Ẹ ṣé gan-an, sà. Iye tó yẹ kí n rà á ńkọ́, mà?

Àǹtí Oníṣirò, Marina
Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. 80 dọ́là ni HashiCorp fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kejìlá 2021. 35 dọ́là ni IBM gbà láti san lórí ṣíà kan ní 2024. Owó tó ń wọlé fún un ń pọ̀ sí i ní gbogbo àsìkò yẹn o! Wọ́n kàn rà á gbówó lórí ni. Fi owó tó wọlé lọ́dún kan pín iye gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Tó bá ju ìlọ́po 15 lọ, èmi ò ní fọwọ́ kàn án.

Kí o sì yẹ áàpù tí o fẹ́ fi ra ṣíà wò: bí o bá kó 100,000 náírà wọlé, tí o fi ra ṣíà, tí o sì tà á lójú ẹsẹ̀, èló ló máa padà sọ́wọ́ rẹ ní náírà? Èrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí àlàfo yẹn ná.