Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi há: ta ni kó tú àṣírí ẹrù fàyàwọ́ yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, irú èyí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ nínú. Obìnrin kan ń ta ìlẹ̀kẹ̀, òwú àti amọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń bá a kó ọjà wọlé láti òkè òkun ti ń fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n jí hú pamọ́ sínú àpótí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, obìnrin náà ò sì mọ̀. Báwo ni kó ṣe fura? Ní báyìí, ọlọ́pàá ló kàn wọlé tó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, kò sì dùn lẹ́nu mi rárá.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Àbúrò, lé ọlọ́pàá yẹn jáde. Ta ló mọ ìlẹ̀kẹ̀ ju ẹni tó ń tà á? Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ayé àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti máa ń lu ihò rẹ̀ títí yóò fi pàdé láàárín. Ẹnu ihò á fẹ̀, àárín á fún. Ti ẹ̀rọ máa ń gún régé. Jẹ́ kí òwú há mọ́ ọn lọ́wọ́, kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò.

Akọ̀wé: Òótọ́ ni Màmá sọ, àmọ́ èyí tó dùn jù ṣì wà. Ní ilẹ̀ Ìráàkì láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fín àwòrán sára òkúta róbótó kékeré, wọ́n á dá ihò lu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èdìdì ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ìlẹ̀kẹ̀. Obìnrin rẹ sá ń ta amọ̀! Jẹ́ kó yí i lórí amọ̀ tútù bí ẹni ń ṣeré, kí kìnnìún àti òrìṣà wọn máa yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ì bá ti fi ibẹ̀ parí orí kìíní.

Bọ̀dá Onípápà: Ẹ má gbàgbé ìwé ẹrù o. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè ní 2017 lórí wàláà amọ̀ àti èdìdì Ìráàkì tí Hobby Lobby rà (ilé-iṣẹ́ ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ làwọn náà o!), táìlì ni wọ́n kọ sára àwọn ẹrù kan. Mílíọ̀nù 3 dọ́là ni wọ́n gbà láti san, wọ́n sì yọwọ́ nínú àwọn ẹrù náà. Obìnrin yìí bèèrè ìlẹ̀kẹ̀, ìwé ń pè é ní táìlì. Ṣé ó ta táìlì rí ni?

Èmi: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kò wá lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ Interpol?

Akọ̀wé: Ó lè ṣe é. Láti 2021 ni wọ́n ti ní áàpù kan tó ń jẹ́ ID-Art, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti fi tó wọn létí pé wọ́n jí ló wà níbẹ̀. Èyí tí olè hú nílẹ̀ lóru, ta ló ti yà á ní fọ́tò rí?

Èmi: Háà! Ọ̀daràn mi gan-an ni kó fi fóònù hàn án nígbà náà: "Wò ó, kò sí níbẹ̀. Ọjà wa mọ́."

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Kí òun náà sì ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Ó yá, lọ kọ ọ́.