Orin ń wá sí mi lẹ́nu lẹ́yìn tí mo pé àádọ́ta ọdún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Ẹni ọdún 53 ni mí, akáǹtáǹtì n'Ílọrin. Láti bí ọdún méjì ni orin ti ń wá sí mi lẹ́nu, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Post Office. Ó jọ dadakúàdá, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, àmọ́ ohùn mi ò dùn (ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì parọ́). Mo ti fi fóònù gba 14 sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn. Iṣẹ́ ò ṣeé fi sílẹ̀, ọmọ méjì ṣì wà ní yunifásítì.

Ní báyìí, olórin kan ládùúgbò wa fẹ́ gba mẹ́ta nínú àwọn orin náà kọ. Ó ní a ó sọ̀rọ̀ owó tó bá yá. Mo mọ̀ pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà (Copyright Act 2022) dáàbò bo ẹni tó kọ orin, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá aládùúgbò rojọ́? Báwo ni mo ṣe lè dá ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn sílẹ̀ tí kò fi ní rò pé mi ò fọkàn tán òun?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.