Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ nípa èlé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Mùsùlùmí?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti ìmọ̀ òwò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ láti SS1 títí dé SS3 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi ń lọ. Àwọn aláṣẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀sìn mi fojú burúkú wò mí rí.

Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa owó àti báńkì ní SS2, mo ní kí àwọn ọmọ lọ ṣírò èlé orí owó tí oníṣòwò kan yá fún ọdún méjì. Bàbá ọmọ kan kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé òun kò rán ọmọ òun wá kọ́ ohun tí Ọlọ́run kà léèwọ̀. Ọ̀gá wa pè mí, ó sì fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ yege nínú WAEC àti NECO, ó sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ mi bá ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ mu.

Èmi náà fẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí bí n ó ṣe so wọ́n pọ̀, nítorí pé èlé kì í ṣe orí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fò. Òun ni Báńkì Àpapọ̀ fi ń darí owó tó wà nígboro, òun ló wà nínú gbèsè ìjọba, òun sì ni oníléeṣẹ́ máa ń wò kí ó tó pinnu bóyá yóò ra ẹ̀rọ tuntun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti dẹ́kun ọ̀wọ́ngógó ọjà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tí kò mọ ohun tí èlé jẹ́? Mo tún ń bẹ̀rù pé bí èmi Kìrìsìtẹ́nì bá ń tọ́ka sí Àlùkùránì nínú kíláàsì, àwọn òbí kan lè sọ pé mo ń ṣe ohun tí kò kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́, olùkọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ náà kò ṣàjèjì sí àwa Kìrìsìtẹ́nì. Ìwé Deuteronómì orí 23 sọ pé kí ọmọ Ísírẹ́lì má ṣe gba èlé lọ́wọ́ arákùnrin rẹ̀. Ní ọdún 1179, ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ Kátólíìkì tó jókòó ní Róòmù pàṣẹ pé kí a má ṣe fún ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí olówó èlé ní ara Olúwa, kí a má sì sin ín ní ìlànà Kìrìsìtẹ́nì. Bẹ́ẹ̀, nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 19, olówó inú òwe Jésù bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi kó owó òun sí báńkì kí òun lè gbà á pẹ̀lú èlé. Ẹ rí i pé àríyànjiyàn àtayébáyé ni. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní dà bí ẹni pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ẹ nà ró síwájú àwọn ọmọ láti yẹ̀ wò.

Ìlú wa gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ báńkì. Àwọn baba wa mọ sogúndogójì, wọn kò sì fi orúkọ náà yin ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ní ìwọ̀fà: ẹni tó yá owó, tàbí ọmọ rẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ nínú oko olówó, iṣẹ́ yẹn ni yóò sì dúró bí èlé. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ náà pẹ́ tó, kọ́bọ̀ kan kò ní dín nínú gbèsè títí wọn yóò fi rí odidi owó náà san. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fojú bu iye tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ìwọ̀fà tó, kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó tí wọ́n yá. Nígbà náà ni ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì yóò mọ ohun tí ìwé mímọ́ méjèèjì ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá kọ́ wọn ní àjọ àti èésú, tí ènìyàn ti lè kó owó ńlá lẹ́ẹ̀kan láìsan èlé kankan.

Àlùfáà àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, Ìwó

Alàáfíà fún gbogbo yín. Mo kí olùkọ́ wa obìnrin fún ìṣọ́ra tó fi béèrè ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ọ̀gá yín sọ fún bàbá náà. Gbígba èlé àti sísan án ni a kà léèwọ̀; ẹnikẹ́ni kò ka mímọ̀ ọ́n léèwọ̀. Ẹni tí kò lè ka ìwé àdéhùn kí ó sì tọ́ka ibi tí èlé wà nínú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe yẹra fún un? Apoògùn tí kò mọ májèlé kò lè dáàbò bo aláìsàn. Nínú súrà kejì, ẹsẹ 275, Ọlọ́run ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ribá, ìyẹn èlé: Ó ṣe ọ̀kan ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èkejì léèwọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò méjèèjì kò lè mọ ibi tí ààlà wà.

Ní ti títọ́ka sí Àlùkùránì, ẹ kà á fún wọn bí ẹ ṣe máa ń ka ìwé òfin ìlú tó bá kan iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìdájọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ẹ pè é wọ kíláàsì yín fún wákàtí kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró níwájú àwọn ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ èlé nìkan ni ẹ ó fi mú ẹ̀sìn wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, 282 nínú súrà kejì kan náà, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀: kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe káàárẹ̀ láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Kò sí ibi tó dára tó o láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìwé ìṣirò owó àti rìsíìtì.

Òṣìṣẹ́ báńkì aláìlélé, Èkó

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni ẹ béèrè yìí, olùkọ́ wa. Ẹ fún wọn ní ìṣirò méjì lórí ọjà kan ṣoṣo. Aránṣọ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Báńkì kìíní yá a ní owó náà ní èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ọdún bá pé, yóò dá ₦240,000 padà. Báńkì kejì ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní ₦200,000, ó sọ iye tó rà á àti èrè rẹ̀ fún aránṣọ, ó sì tà á fún un ní ₦240,000 tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀, ₦20,000 lóṣù fún oṣù méjìlá. Èyí ni à ń pè ní Murabaha. Ẹ tún kọ́ wọn ní Mudarabah, níbi tí ẹnì kan ti mú owó wá tí ẹnì kejì sì mú iṣẹ́ wá. Bí wọ́n bá fi ₦500,000 ṣòwò, tí wọ́n jèrè ₦100,000, tí àdéhùn wọn sì jẹ́ 60 sí 40, pípín rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdánù ₦80,000, olówó ni òfò náà kàn, òṣìṣẹ́ sì pàdánù làálàá rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á.

Fún gbèsè ìjọba, ẹ mú Sukuk, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń tà láti fi kó owó jọ, tí àwọn tó rà á sì ń gba owó ìyálò dípò èlé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi í kó bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà jọ ní ọdún 2013 láti kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fi tirẹ̀ kó ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà jọ fún ọ̀nà títì, fún ọdún méje, pẹ̀lú owó ìyálò ìdá 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún àwọn tó fowó sí i.

Olùkọ́ ìṣirò, Òṣogbo

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ SS2 kò gọ̀. Èyí tó bá já fáfá nínú wọn yóò dìde, yóò ní: "Mà, ₦40,000 ni báńkì kìíní jẹ, ₦40,000 ni èkejì náà jẹ, kí ni ìyàtọ̀?" Yóò tún wo ìdá 16.47 yẹn, yóò ní èlé ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí olùkọ́ kò bá ní ìdáhùn, ohun tí ọmọ náà yóò mú lọ ni pé ẹ̀tàn ni ẹ̀sìn. Ìyẹn burú ju ohun tí bàbá yẹn ń bẹ̀rù lọ.

Òṣìṣẹ́ báńkì aláìlélé, Èkó

Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀gbọ́n, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé sì ti bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ gbà fún ọmọ náà pé iye owó bára mu, àti pé báńkì tiwa náà máa ń wo òdiwọ̀n èlé tó wà nígboro kí ó tó gbé èrè tirẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: bí iná bá jó ẹ̀rọ náà kí ó tó dé ọwọ́ aránṣọ, ta ni òfò náà kàn? Ní báńkì kìíní, aránṣọ ni, nítorí pé owó ni wọ́n yá a. Ní báńkì kejì, báńkì ni, nítorí pé ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Èkejì: bí aránṣọ bá ṣàìsàn fún oṣù mẹ́rin tí kò rí owó san, kí ló ṣẹlẹ̀ sí gbèsè rẹ̀? Níbì kan, èlé ń gun orí èlé. Níbì kejì, iye ọjà kò lè kọjá ₦240,000, bí wọ́n bá sì bu owó ìtanràn lé e, àánú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe, kò gbọ́dọ̀ di èrè báńkì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ọmọ tó bá ṣì sọ lẹ́yìn ìyẹn pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí ó kọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní máàkì bí àlàyé rẹ̀ bá múná dóko.

Ìyá ọlọ́mọ, Ìbàdàn

Èlé nìkan kọ́ o, mà. Ẹ kó wọn lọ sí ọjà Bódìjà, kí wọ́n ra gàrí kóńgò kan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá padà dé. Wọn yóò rí kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Súrà 83 bú àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, Deuteronómì orí 25 náà sì kìlọ̀ fún wọn. Kò sí òbí tí yóò kọ lẹ́tà lòdì sí ìyẹn.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. Ìbéèrè olùkọ́ ìṣirò ló gbà mí lọ́kàn jù, nítorí pé mo mọ ọmọ tí yóò bi mí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì mi, ọmọ bàbá tó kọ lẹ́tà sì ni. Ọjà Bódìjà ni n ó kọ́kọ́ kó wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀fà àti àjọ, kí ìṣirò báńkì méjèèjì tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù yóò sì wà pẹ̀lú mi ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a bá wá dé orí Báńkì Àpapọ̀, n ó kọ́ wọn ní òdiwọ̀n èlé gẹ́gẹ́ bí WAEC ṣe ń béèrè rẹ̀, láìdín ohunkóhun kù. Mo ti kọ ètò náà sínú ìwé fún ọ̀gá wa, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ké sí bàbá náà kí ó wá jókòó nínú kíláàsì ní ọjọ́ tí a ó ṣe ìṣirò ẹ̀rọ ìránṣọ.